Ìlà Tí Kò Sí Nínú Fọ́ọ̀mù

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin,
Ẹ̀búté-Mẹ́ta, lẹ́yìn ojú irin.
Fáànù kan ń yí, èkejì ti kú láti ìgbà ọyẹ́.
Dókítà Fágbèmí gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lé mi lọ́wọ́:
"Nọ́ọ̀sì Adétọ̀nà, bi wọ́n ní ìbéèrè méjìlá yìí,
yóò sọ ẹni tí egbò rẹ̀ fẹ́ kẹ̀ kó tó kẹ̀."

Ọdún mélòó? Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Sìgá?
Wákàtí mélòó lẹ lò lábẹ́ ọ̀bẹ?

Bàbá Jínádù, káfíńtà Òkè-Àrin,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ní,
"Ṣúgà? Ogún ọdún la ti jọ ń gbé,
ó mọ ibi tí mo ń tọ́jú owó sí."
Wákàtí márùn-ún lórí tábìlì. Sìgá, títí di ìjẹta.
Ojú ẹ̀rọ pọ́n: mọ́kàndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún.
A gbé bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, a lẹ káàdì pupa mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.
Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án
ń fọ ọwọ́ bí ẹni ń ṣe àlùwàlá.

Sẹ̀wánú ló kàn. Ọmọ Mákòkó, ọdún mẹ́tàlélógún,
òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi.
Àpẹ́ńdísì. Ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n ti rán an tán.
Kò mu sìgá, kò sanra, kò ṣe nǹkan kan.
Ẹ̀rọ ní: méjì.
Ó rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú.
"Àntí, nílé ìwé wa, ẹni tó bá gba méjì, ẹgba ni yóò jẹ."
A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ní lọ́ ọ.
Ọjọ́rú, omi ẹ̀rọ ò yọ. Jẹnẹrétọ̀ ò ní dísù.
Kẹ́ẹ̀gì méjì la pọ̀n gorí òkè fún aláìsàn mọ́kàndínlógún.
Aago mẹ́ta òru, èmi nìkan.
Mo tú báńdéèjì ọkùnrin bẹ́ẹ̀dì kẹfà, ó ń rùn.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Tuntun ku ẹyọ kan,
ẹyọ kan, tọwọ́ òsì.
Sẹ̀wánú ní, "Àntí, ó ń yún mi."
Káàdì rẹ̀ kì í ṣe pupa.
Mo da omi bí ẹnu ìdérí ìgò sí àtẹ́lẹwọ́,
mo fi aṣọ nù ún, mo lọ.

Àbámẹ́ta, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò.
Ojú abẹ tó rí tínńtín bí àbàjà ọmọ tuntun
ti la ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé.
Láàbù ní kòkòrò bẹ́ẹ̀dì kẹfà ni.
Kòkòrò ò lẹ́sẹ̀. Ẹnìkan ló gbé e.

Dókítà wo ẹ̀rọ, ó ní, "Ó ṣì í."
Kò ṣì í.
Ìbéèrè méjìlá, nípa aláìsàn ni gbogbo wọn.
Kò sí ìkankan tó ní: omi ń yọ bí?
Ìbọ̀wọ́ ku mélòó?
Nọ́ọ̀sì ti sùn láti àná?
Ọwọ́ ta ni?

Bàbá Jínádù lọ sílé lọ́jọ́ kẹsàn-án,
egbò rẹ̀ gbẹ bí pákó ìrókò.
Ó ní àdúrà ìyàwó òun ni. Mi ò jiyàn.
Sẹ̀wánú lo ọjọ́ mọ́kàndínlógójì.

Mo mú báírò, mo fa ìlà kẹtàlá sẹ́yìn ìwé wọ́ọ̀dù,
mo kọ orúkọ ara mi, mo kọ aago mẹ́ta òru.
Ẹnikẹ́ni ò tíì kà á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, bàbá rẹ̀ wọlé, eérú pákó lórí,
ó bá ọmọ sọ̀rọ̀ pẹ́.
Mi ò gbọ́ Ègùn.
Mo gbọ́ "nọ́ọ̀sì" nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú,
ó ń dúpẹ́, kò sì fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.