Ìyẹ́ Adìyẹ

Ọdún kẹta rèé tí mo ra á lọ́wọ́ Adéwùsì,
tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ẹnu ẹja,
ọkọ̀ tó ń mu epo, tó sì tún ń fi iná rìn.
Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo tẹ bọ́tìnnì.
Kẹ́kẹ́ pa.
Àwọn ọlọ́kadà Ìgbọ̀nà ti ká apá aṣọ sókè:
"Màmá, ẹ fi sí fírì, ẹ jẹ́ ká tì yín."
Mo ní ó ti ṣáná. Wọn ò gbà,
àfi ìgbà tí mo yọ́ kúrò láàárín wọn
bí onígbèsè tó rí olówó rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Adìyẹ ni mò ń sìn, mi ò ní í purọ́,
igba ó lé díẹ̀, lọ́nà Ìlobùú.
Kíréètì ẹyin lórí àga ẹ̀yìn,
àpò oúnjẹ wọn nísàlẹ̀ ẹsẹ̀,
a ó sọ̀kalẹ̀ láti Òkè-Fìà, ó di Ọláìyá.
Mo ń tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ nítorí ẹyin,
bíréèkì ń dá iná padà sínú bátìrì,
mò ń wò ó lójú gíláàsì: ìlà kan, ìlà méjì, ó ń ga.
Ta ló tún ń sọ̀kalẹ̀ òkè tí àpò rẹ̀ ń kún?
Nígbà tí epo wọ́n, tí wọ́n ń sùn sílé-epo,
lítà mẹ́wàá gbé mi fún ọ̀sẹ̀ kan.
Mo yangàn díẹ̀. Ẹ foríjì mí.

Àfi bí iná pupa ṣe yọ lójú ọkọ̀,
onígun mẹ́ta, àmì ìyanu ní ikùn rẹ̀.
Fáànù ẹ̀yìn ń kùn bí àgbàlagbà tí a jí lójú oorun.
Sàká mẹkáníìkì l'Áyétòrò mi orí, ó tún un mì:
"Ẹ tà á, Màmá. Ẹ ra èyí tó ń pariwo.
Owó bátìrì yìí á ra ilẹ̀."
Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà.
Ọkọ mi ìbá wà, ìbá ní, "Ṣebí mo wí."
Kò wí nǹkan kan rí. Àmọ́ ìbá sọ bẹ́ẹ̀.

Fadérera ló wá tú u, ọmọbìnrin réwáyà
tó kọ́ṣẹ́ l'Ọ́fà.
Ó yọ òrùka rẹ̀, ó ní kí n bá òun mú un dání,
ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá.
"Ẹ máa wò, ẹ má fọwọ́ kàn án.
Iná ibí yìí kì í ṣe iná ilé."
Ó gbé àga kúrò. Ó ṣí ihò kékeré kan
tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, níbi tí bátìrì ti ń mí.
Ó fi ìka méjì fà á jáde:
ìyẹ́ funfun, ìyẹ́ pupa rúsúrúsú, eruku àgbàdo,
ó dì bí ìrọ̀rí ọmọ tuntun.
Ó wò mí.
Èmi ń wo òrùka.

Ṣé kíréètì ni mo fi ń dí i nímú láti ọdún mẹ́ta!

Nínú méjìdínlọ́gbọ̀n, méjì péré ló kú.
Ó wá àlòkù méjì, ó dán wọn wò,
ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ìpẹtà orí irin.
Ẹyin oṣù kan ààbọ̀ lowó rẹ̀. Kò tó owó ilẹ̀.

Kíréètì ti kó lọ sí búùtù báyìí.
Sátidé kan bẹ́ẹ̀, Sátidé kan bẹ́ẹ̀ kọ́,
mò ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, mò ń gbá imú rẹ̀.
Lánàá, àkùkọ ò tíì kọ tí mo dé oko,
adìyẹ kan ò gbọ́ pé mo dé.
Mo jókòó. Fáànù ń fẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi.
Ìyẹ́ kan wà léjìká mi, mi ò mọ ibi tó ti wá.
Mo sọ fèrèsé kalẹ̀, mo fẹ́ ẹ síta,
kí n tó pa ọkọ̀.