Iyọ̀ Ojú Títì

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, ní Halifax.
Ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ń gun òkè àdúgbò wa,
iná orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú sára ògiri,
ó ń fọ́n iyọ̀ sójú títì
bí àgbẹ̀ tó ń fúnrúgbìn síbi tí nǹkan kan ò gbọdọ̀ hù.
Tíì mi ti tutù lórí tábìlì ìdáná.
Mo kọ ìbéèrè kìíní sílẹ̀ fún kíláàsì ọ̀la:
Kí ni wọ́n ń fọ́n sójú títì nígbà òtútù?

Ó rọrùn, mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tí ì lanu láti àárọ̀
ń fẹ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ á tó;
a kì í gbé àmù sórí àjà
ká ní kí ọmọ ìrákòrò bumi mu.

Ìkejì: fi ẹnu ara rẹ ṣàlàyé
ìdí tí yìnyín fi ń domi bí iyọ̀ bá kàn án.
Ibẹ̀ ni èdè ìyá mi ti já wọ inú ìwé:
iyọ̀ ló ń mú yìnyín yọ́,
kí ilẹ̀ má baà máa yọ̀,
kí màmá arúgbó ojúlé kọkàndínlógún
lè ra búrẹ́dì délé, kó sì máa yọ̀.
Mo dá rẹ́rìn-ín.
Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ìkẹta, iṣẹ́ ọwọ́: abọ́ mẹ́rin,
yìnyín mẹ́rin tí wọ́n dọ́gba,
iyọ̀, ṣúgà, iyanrìn, ìkẹrin ò gba nǹkan kan.
Ẹ wo aago. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí,
ẹ má kọ ohun tí ẹ rò pé mo fẹ́ kí ẹ rí.
(Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìlà yẹn ṣe pàtàkì.)

Ìkẹrin: bí owó ìlú ò bá tó ra iyọ̀,
òpópónà wo lẹ ó kọ́kọ́ fọ́n ọn sí?
Ti ilé ìwòsàn ni, àbí tiyín?
Ẹ gbèjà èsì yín.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé aláwọ̀ mẹ́ta.
Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ fún àwọn tí kì í tètè kàwé,
ìbéèrè kìíní nìkan ló wà lórí tiwọn.
Àkàbà ni mo rò pé mo kàn.

Ọjọ́ Ajé. Aneesa ti parí ìwé funfun
kí n tó pín abọ́ tán.
Tamsin da iyọ̀ sínú ṣúgà,
ó ní ó yọ̀ lọ́wọ́ òun ni.
Corey jókòó ti páìpù gbígbóná,
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí ìwé rẹ̀: "Iyọ̀."
Ó wá nawọ́ sókè. Láti oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀kan yìí ni.

"Míìsì, tí yìnyín bá yọ́ tán,
iyọ̀ yẹn ń lọ síbo?
Ajá bàbá mi àgbà máa ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀
títí á fi ṣẹ̀jẹ̀.
Koríko ẹnu ọ̀nà wa ò sì hù nígbà ìrúwé."

Mo wá a nínú pupa, mo wá a nínú búlúù,
mo wá a nínú funfun. Kò sí níbẹ̀.
Mo ní, "Mi ò mọ̀."
Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé
tí kò béèrè.
Yàrá mẹ́ta ni mo kọ́, kì í ṣe àkàbà,
èmi fúnra mi ni mo sì tilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbé ìgò omi gọ́tà wá.
A sè é nínú abọ́ irin, ó gbẹ,
ohun funfun kan ṣẹ́kù nídìí abọ́.
Ó fẹ́ fi ahọ́n kàn án. Mo ní ó tì o.

Lálẹ́, ọkọ̀ náà tún kọjá,
iyọ̀ ń ta pàrà lára mọ́tò aládùúgbò.
Omi ń rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sódò Calder.
Mo fa ìwé tuntun yọ, mo kọ "Síbo?" sí i,
mi ò kọ nọ́ńbà síwájú rẹ̀.