Ìlà Kẹrin

Ẹ̀bùnolú, gbé fóòmù yẹn wá síbi iná.
Wọ́n ní kó padà dé iléèwé láàárọ̀ Ajé:
sáyẹ́ǹsì, àátì, tàbí kọmáṣíà.
Mo mọ èyí tí ìyá rẹ ń fẹ́.
Nọ́ọ̀sì ni gbogbo Ìsánlú ń fi ọmọ wọn ṣe,
aṣọ funfun, lẹ́yìn náà bàálù.

Ṣùgbọ́n mo rí ọ níjọ́sí
lórí àpò kajú,
ò ń bi àbúrò rẹ léèrè ẹ̀pà tó sọnù:
“Ta ló rí ọ? Kí lo kọ́kọ́ gbé?”
Ọmọ náà jẹ́wọ́.
O tún yí padà, o wá ń gbèjà rẹ̀ níwájú mi
títí mo fi gbàgbé pàṣán lọ́wọ́ ara mi.

Mo lọ bá Tíṣà Ìbítóyè.
Ó ní, “Ọ̀kun o, bàbá,” ó mú ṣọ́ọ̀kì,
ó kọ ọ̀rọ̀ sára bẹ́ǹṣì. Ó rántí.
Ó fọwọ́ pa á rẹ́, ó fẹnu sọ ọ́:
Èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú.
Lítíréṣọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́
bí a ṣe ń rí ohun tí ọ̀rọ̀ fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.
Gọ́fúmẹ́ǹtì. Ìmọ̀ Bíbélì,
ìyẹn ò le fún ọmọ díákónì.
Mo ní, ìṣirò ńkọ́?
“Bàbá, kò sẹ́ni tó bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò.”
Nítorí náà, lọ wá ìwé tí o jù sẹ́yìn àká.

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ ti lọ láti ọdún tó kọjá.
Màmá Jọláyẹmí ní Mọpà, akọ̀wé kóòtù àtijọ́,
ní àpótí ìwé méjì.
Màá máa fi ọ̀kadà gbé ọ lọ ní Sátidé.

Yunifásítì, ọdún márùn-ún,
iléèwé àwọn lọ́yà, ọdún kan lé e.
Mo ti ka igi kajú: mẹ́tàlélógún.
Ogójì ni wọ́n tẹ́lẹ̀.

Mi ò sọ ti mẹ́tàdínlógún yòókù fún ọ rí.
Ọkùnrin kan gbé ìwé wá bá mi ní Kàbà,
ó ní àdéhùn ọdún méjì ni.
Mo wo ìwé náà bí ewúrẹ́ ṣe ń wo pátákó ìkéde,
mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn.
Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù,
ìlà kan ṣoṣo ni adájọ́ kà, ìlà kẹrin.
“Títí láé” ló wà níbẹ̀.
Tàdáwà náà ò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lọ́wọ́ mi.

Ìyá rẹ yóò bínú títí iṣu tuntun yóò fi jáde.
Jẹ́ kó bínú.
Ka fóòmù náà sí mi létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀.
Má sáré.
Lẹ́yìn náà kí o fi ibi tí màá tẹ̀ka sí hàn mí.