Ihò Mẹ́rìnlá

Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀,
síbẹ̀ wọ́n lu ihò mẹ́rìnlá sí orí Oiva
lọ́jọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Kuopio.
Wáyà tín-ín-rín wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó dúró sínú ọpọlọ bí ẹni ń tẹ́tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Apẹja ni. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó jí:
"Iṣẹ́ mi lẹ ń ṣe yìí.
Bí adágún bá di yìnyín, àwa náà a lu ihò,
a ti okùn bọ ọ̀kan, a fà á yọ níbòmíràn,
àwọ̀n a sì tẹ́ sábẹ́ ohun tí ojú ò rí."

Lórí yìnyín yẹn ni wárápá ti kọ́kọ́ gbé e ṣubú.
Òórùn ìyẹ́ jíjó ló máa ń gbọ́,
lẹ́yìn náà, ojú ọmọ rẹ̀ tó ń wò ó.

Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru.
À ń dín oògùn rẹ̀ kù,
à ń jókòó de ohun tí ilé rẹ̀ ń gbàdúrà kó má dé.
Ọjọ́ kan. Ọjọ́ kejì. Kò wá.
Ó ní, "Ó ń tijú yín ni."

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, òru Ọjọ́bọ̀,
ìlà kẹsàn-án gbọ̀n, bí omi tí ẹja fi ìrù kàn.
Kì í ṣe ibi àpá tí gbogbo wa ti fọwọ́ sí.
Ìlà kejì dáhùn, ìkọkànlá gbà á lẹ́nu rẹ̀,
ó di gbogbo ojú ẹ̀rọ.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo sunkún,
inú mi sì dùn; ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n fi iná díẹ̀ tọ́ wáyà wò,
wọ́n ń fi àwòrán hàn án. Àga. Kọ́kọ́rọ́.
Nígbà tí wọ́n kan ìkẹfà, ẹja ló kàn.
Ó ya ẹnu. Ó fi ọwọ́ ṣe ìrù, ó fi ọwọ́ ṣe omi.
Orúkọ kò wá.
Wọ́n pa iná. "Ẹja," ó wí, òógùn bò ó.

Láàrin ìkẹsàn-án àti ìkẹfà,
kò ju ìbú èékánná àtàńpàkò lọ.

Kọ̀ǹpútà ya àwọ̀n náà, kókó rẹ̀ pọ́n.
Oiva wò ó pẹ́ ju gbogbo wa lọ.
"Bí ẹ bá gé ibí, kí ni yóò di ibẹ̀ yẹn mú?"
Dókítà Salmela kò yára dáhùn.
Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.
Níta, ẹnìkan ń lu ihò lórí adágún.