Ìdò Tí Misis Guidry Fún Mi

Nígbà tí mo pe ìyá mi láti Beaumont
tí mo ní mo gbin kókò sí iwájú ilé,
ó ní, "Ìgbà wo lo máa wa á?"
Mo ní a kì í wa á. Ewé rẹ̀ la fẹ́.
Ẹ̀rín pa á títí owó fóònù mi fi tán.
"Kókò tí a ò ní jẹ!
Irú èèyàn wo lẹ ń bá gbé níbẹ̀ yẹn?"

Misis Guidry ni, Màmá.
Arúgbó tó wà ní òdìkejì ọgbà onírin,
tó ń pe kókò ní etí erin,
tó ń wọ bàtà òjò ọkọ rẹ̀ tó ti kú rìn láàárín òdòdó,
tó sì ń bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wí bí ẹni ń bá ọmọ wí:
"Gbé apá rẹ sókè. Àlejò ń bọ̀."
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò so rí láti ọdún mọ́kànlá!

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a kó dé
ó na ọwọ́ kọjá irin, ó gbé àpò búrẹ́dì kan fún mi.
Ohun inú rẹ̀ dà bí atalẹ̀ tó sanra, ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.
Ó pe orúkọ kan. Etí mi ò mú un.
Àfi ní oṣù Keje, tí òdòdó ti yọ, tó pupa bí ojú iná,
tí èèpo èso rẹ̀ là, tí hóró dúdú dà sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
ni mo kígbe: Ìdò!
Ìdò ẹ̀yìn balùwẹ̀ bàbá mi àgbà,
ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà,
tí ẹnikẹ́ni ò bomi rin, tí ẹnikẹ́ni ò yìn.
Hóró rẹ̀ la ń dà sínú agolo mílíìkì, tí a ń mì.
Ìdò, ta ló san owó ọkọ̀ rẹ dé ìhín?

Ooru ibí kì í ṣeré,
aṣọ a ti tutù lára ẹni kó tó dé ìdí mọ́tò.
Kókò ò kọ̀ ọ́, ìdò ò kọ̀ ọ́.
Òjò rọ̀ sórí ewé kókò, ó gbọ̀n ọ́n dànù
bí ẹni tí a fi orúkọ ẹlòmíì pè.

Kì í ṣe gbogbo ọdún ni òtútù ń rántí wa.
Ọdún tó rántí, òru mẹ́ta ló fi jókòó.
Omi dì nínú ẹ̀rọ. Iná lọ.
Ìṣọ̀lá ọkọ mi fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ìdò;
mo ní, àwa ńkọ́?
Nígbà tí yìnyín yọ́, gbogbo ọgbà dà bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ jù.
Mo mú ọkọ́.
Misis Guidry kan irin: "Fi í sílẹ̀.
Má tíì gé e. Má tíì wa á.
Òkú ewé ni aṣọ òtútù gbòǹgbò."

Mo fi í sílẹ̀. N kò gbà á gbọ́.
Ní oṣù Kẹta ọmọ rẹ̀ wá láti Dallas pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù,
ó ní ilé alátẹ̀gùn ò yẹ ìyá òun mọ́.
Kò sọ púpọ̀ láàárọ̀ náà.
Ó ní kí n máa wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, pé ó lágídí.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló yọ:
ṣóńṣó bí ẹnu gègé, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú,
ní tèmi, ní tirẹ̀, lábẹ́ irin,
ó ń kọjá láìbi ẹnìkan.

Ọkùnrin tó ra ilé náà ra ẹ̀rọ tí ń gé koríko.
Mo rí páálí rẹ̀ níta.
Nítorí náà lálẹ́ Sátidé, èmi nọ́ọ̀sì àgbà, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta,
mo fo ọgbà pẹ̀lú ṣọ́bìrì.
Ìṣọ̀lá di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń bẹ̀ mí kí n ṣe kíá.
Ìdò mẹ́fà. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan.
Ó lágídí lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé àpótí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.
Akọ̀wé bi mí: ohun tó lè fọ́ ńkọ́? Ohun tó lè gbiná?
Mo ní kò sí.
Ó gbé e sétí, ó mì í lẹ́ẹ̀kan.
Hóró ìdò dáhùn nínú agolo.