Garawa Epo

Ní kóòtù Òkè-Fìà, adájọ́ ní kí n mú ẹ̀rí wá.
Mo ní, ẹ bi kòkó léèrè,
ọdún kejìlélógójì rèé tí mo ti ń roko ìdí rẹ̀.
Pèrègún ààlà, ọwọ́ mi ló gbìn ín.
Àrìnpé ìyàwó mi, abẹ́ igi obì lọ́hùn-ún ló sùn.
Ta ní í sin aya rẹ̀ sílẹ̀ onílẹ̀?

Lọ́yà wọn bọ́ awò ojú, ó rọra nù ún.
"Garawa epo tó ń dé ilé Oyèékàn lọ́dọọdún láyé bàbá yín,
ẹ̀bùn ni, àbí ìṣákọ́lẹ̀?"

Mo lanu.
Orí tèmi ni garawa yẹn máa ń wà.
Epo a máa kán sí mi lọ́rùn.
Bàbá ò sọ fún mi rí
ohun tí à ń pè é.