Bàtà Awọnlẹ̀

Mo gbé e lé ọwọ́ òsì, mo gbé e lé ọwọ́ ọ̀tún,
mo ní, "Lámídì, ṣé nǹkan wà nínú èyí?"
Ó fúyẹ́ bí ẹja gbígbẹ tí oòrùn ti fa omi ara rẹ̀ mu tán.
Àwọ̀ rẹ̀ bí eérú, okùn rẹ̀ méjèèjì ò bára mu.
Ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti fi ojú gìgísẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀,
òyìnbó kan, ó jọ pé òkè ló ń fi í gùn.
Òkè tí èmi mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kò ju
èyí tí ọ̀kadà ń gùn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Ẹgbẹ̀rún méje ló pè é. A yanjú ẹ̀ sí mẹ́fà. Mo san márùn-ún,
ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ mi sára ògiri.

Bàbá mi, Sùbérù, ṣọ́ igbó ìjọba fún ọdún mẹ́tàlélógún.
Bàtà tí wọ́n fún un, irin ń bẹ lẹ́nu rẹ̀;
bó bá ń bọ̀, àwọn ajá Pókà á ti gbọ́ ọ láti òkèèrè.
Bàtà náà ò gbó. Bàbá mi ló gbó.
Lálaalẹ́ ni ìyá mi ń po omi gbígbóná pọ̀ mọ́ iyọ̀,
tó ń ka egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ka owó ọjà,
á ní, "Ẹsẹ̀ yìí ò kúkú dẹ́ṣẹ̀."
Nígbà tí a sìnkú rẹ̀ tán, wọ́n gbé bàtà náà fún mi.
Ó ṣì ń dán.
Mo wọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà, mo bọ́ ọ.
Ó wà lábẹ́ ibùsùn. Adìyẹ yé ẹyin mẹ́rin sínú ẹyọ kan.

Èmi ló ń di okùn ìwọnlẹ̀ mú fún Ọ̀gá Adébámigbé.
Òun ń fi ojú wọ̀n ọ́n, èmi ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.
"Ọláìtán, lọ síwájú!" Mo lọ.
"Ó tó! Padà díẹ̀!" Mo padà.
Láti Nọ́fọ́ríjà títí dé etí omi Èjìnrìn,
nínú ẹrẹ̀, nínú ẹ̀gún, lórí gbòǹgbò ògùrọ̀.
Bàtà mi ní ihò wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́:
omi á wọlé, omi á jáde, kò ní bá mi dé ìdí oúnjẹ ọ̀sán.
Inú rẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì àárọ̀,
ṣùgbọ́n ó ní eyín nísàlẹ̀ tó fi ń di ilẹ̀ mú.
Lọ́jọ́ kan mo tẹ ẹ̀gún ọ̀pẹ, mo dúró, mo dijú,
mo ń retí ìrora.

Wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.
Mo wá ibẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko,
n ò rí i.

Àmọ́ kí n má purọ́.
Lóṣù kẹwàá, ní Odòragùnṣin, ó lanu
bí ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa.
Mo fi ìtàkùn dì í, mo rọra wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ Lámídì.
Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó rán an yípo,
ó gé táyà ọ̀kadà tẹ́ ẹ nísàlẹ̀.
Ó wúwo díẹ̀ sí i. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀
bí a ti ń mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ẹni ti ń dàgbà.
"Kí ló dé tí o ò ra òmíràn?"
Mo san gbèsè rẹ̀, ó fi itọ́ pa orúkọ mi rẹ́.

Lánàá a wọn ilẹ̀ gba ojú ọ̀nà bàbá mi àtijọ́.
Igbó ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́, bíríkì ló kù.
Mo gba Pókà kọjá nírọ̀lẹ́,
ajá kankan ò gbó.

Mo délé. Ìyá mi ti gbé abọ́ omi iyọ̀ sílẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbàgbé.
Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún,
kò rí ohun tí yóò kà.
Ó dìde, ó da omi náà sí ẹ̀yìnkùlé.